Mókà: Bí Kọfí àti Kòkó Ṣe Pàdé Nínú Ife Kan

Mókà jẹ́ orúkọ ìlú kí ó tó di orúkọ ohun mímu. Ìlú náà wà ní etí Òkun Pupa ní ilẹ̀ Yémẹ̀nì, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tóóró tí òkun náà gbà já sí agbami. Al-Mukha ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Lónìí, ẹni tó bá béèrè mókà ní ilé kọfí ní London, New York tàbí Èkó, kọfí tí wọ́n pò mọ́ ṣokoléètì àti mílíìkì gbígbóná ni wọn yóò gbé wá fún un. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí èbúté Mókà fi lókìkí, ẹnikẹ́ni kò ta ṣokoléètì níbẹ̀. Igi kòkó kò sí ní Yémẹ̀nì. Igi kọfí pàápàá kò hù nínú iyanrìn Mókà. Orí òkè tó jìnnà sí etí òkun ni wọ́n ti ń gbìn ín. Orúkọ èbúté kan ló fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tó rin ayé já, tó sì lọ fara mọ́ ohun tí ìlú náà kò mọ̀ rí.

Inú igbó gúúsù ìwọ̀-oòrùn Etiópíà ni igi kọfí ti ṣẹ̀. Ó sọdá Òkun Pupa sí Yémẹ̀nì, ibẹ̀ sì ni a ti rí ìròyìn tó dájú nípa àwọn tó ń sè é mu. Ní ọ̀rúndún 15, àwọn Súfì ilẹ̀ Yémẹ̀nì, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó fi ara wọn jìn fún ìjọsìn òru, máa ń mu kọfí kí oorun má baà kùn wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣe zíkírì, ìyẹn pípe orúkọ Ọlọ́run léraléra, mọ́jú. Nígbà tí àwọn ará Yémẹ̀nì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Kairo gbé àṣà náà dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, alẹ́ ọjọ́ Ajé àti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń kóra jọ. Wọn a bu kọfí sínú ìkòkò amọ̀ pupa ńlá kan, olórí wọn a máa fi ife kékeré bù ú fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá ọ̀tún, ohùn zíkírì kò sì ní dá bí ife ti ń yí ká. Ní Mókà fúnra rẹ̀, àlùfáà Súfì kan tó ń jẹ́ Ali ibn Umar al-Shadhili ni àwọn ará ìlú gbà pé ó kọ́ wọn ní kọfí mímu. Mọ́sáláṣí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní ìlú náà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí ohun mímu tuntun yìí. Ní 1511, Kha'ir Beg tó ń ṣàkóso Mẹ́kà fòfin dè é, ó sì ní kí wọ́n dáná sun kọfí ní ìgboro, lẹ́yìn tó rí àwọn tó ń kóra jọ mu ún lóru. Ọ̀gá rẹ̀ ní Kairo kò tì í lẹ́yìn, òfin náà kò sì pẹ́. Àwọn Tọ́kì bẹ̀rẹ̀ sí í gba Yémẹ̀nì ní 1538. Ní àárín ọ̀rúndún náà, ilé kọfí ti ṣí ní Istanbul, àwọn ènìyàn sì ń jókòó níbẹ̀ láti ta ayò, láti gbọ́ ewì, láti gbọ́ ìròyìn. Qahwa tí àwọn Lárúbáwá ń pè é di kahve lẹ́nu àwọn Tọ́kì, ibẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ti gbọ́ ọ, láti ọ̀dọ̀ wọn sì ni kọfí ti wọ èdè Yorùbá.

Orí òkè ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ní àwọn òkè bíi Haraz àti Bani Matar, ní ìwọ̀-oòrùn Sana'a, àwọn àgbẹ̀ fi òkúta to ilẹ̀ ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn kí òjò má baà wọ́ erùpẹ̀ lọ, wọ́n sì gbin kọfí sórí rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já èso náà nígbà tó bá pọ́n. Wọn kì í fọ̀ ọ́, wọn kì í sì í bó o ní tútù. Òrùlé ilé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ àgbàlá. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá a sí tòun tèèpo rẹ̀, títí tí èso yóò fi hunjọ, tí yóò dúdú, tí hóró inú rẹ̀ yóò sì máa ró bí ṣẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n. Ìgbà náà ni wọn yóò gbé e sórí ọlọ òkúta láti fọ́ èèpo kúrò. Èèpo ọ̀hún kì í ṣòfò. Wọ́n ń sè é pẹ̀lú atalẹ̀, qishr ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Yémẹ̀nì ń mu lójoojúmọ́, nítorí hóró ni owó wà lára rẹ̀, ọjà ni wọ́n sì ń gbé hóró lọ.

Ọjà tó tóbi jù ni Bayt al-Faqih, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà láàárín òkè àti òkun. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń wọn kọfí fún àwọn alájàpá, ibẹ̀ ni ràkúnmí ti ń ru ú lọ sí èbúté. Àwọn ará Họ́láńdì ti ń wá sí Mókà láti nǹkan bíi 1616, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ṣí ibùdó síbẹ̀ ní 1618. Àwọn oníṣòwò Faransé láti Saint-Malo gbéra lọ ní 1708. Lára àpò kọ̀ọ̀kan tó ń jáde lọ, orúkọ kan ṣoṣo ni ẹni tó wà ní Amsterdam tàbí Marseille rí: Mókà. Kò mọ Haraz, kò mọ Bani Matar, kò sì gbọ́ orúkọ Bayt al-Faqih rí. Ẹni tó ti ra gaàrí Ìjẹ̀bú lọ́jà Kano tàbí ní Peckham mọ bí irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Orúkọ ìlú a di orúkọ irú ọjà kan, lẹ́yìn náà a di orúkọ ìtọ́wò, ẹni tó ń rà á kò sì ní béèrè mọ́ bóyá Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti yan án.

Ìtọ́wò yẹn ló fa ọ̀rọ̀ ṣokoléètì. Kọfí tí wọ́n bá sá tòun tèèpo a máa fa adùn èso mọ́ra, á sì wúwo lẹ́nu. Àwọn tó ń tọ́ kọfí wò máa ń sọ pé kọfí Yémẹ̀nì fi ohun kan bíi ṣokoléètì sílẹ̀ lórí ahọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e mì. Èyí ni àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe nípa orúkọ mókà, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tó. Ìtọ́wò nìkan kò lè sọ kọfí di ṣokoléètì; ẹnìkan ní láti da àwọn méjèèjì pọ̀, ìyẹn kò sì ṣẹlẹ̀ ní Yémẹ̀nì.

Kí ó tó ṣẹlẹ̀, òwò ti bọ́ lọ́wọ́ Mókà. Ní òpin ọ̀rúndún 17, àwọn ará Họ́láńdì gbin kọfí sí erékùṣù Java, nínú ìlú àmúnisìn wọn. Igi kan láti ibẹ̀ dé ọgbà Amsterdam ní 1706. Ní 1714, ìlú Amsterdam fi igi kọfí kan ta Louis kẹrìnlá, ọba Faransé, lọ́rẹ. Ní nǹkan bíi 1723, ọ̀gágun Gabriel de Clieu gbé igi kọfí kan sọdá òkun lọ sí Martinique. Láti ibẹ̀ ni kọfí ti tàn dé ọ̀pọ̀ nínú àwọn erékùṣù Karíbíánì. Saint-Domingue, tó di Haiti lẹ́yìn náà, ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú kọfí àgbáyé nígbà tó fi máa di òpin àwọn ọdún 1780.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọwọ́ ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ ní oko kọfí Saint-Domingue. Àwọn Nàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀, wà láàárín àwọn tí ọkọ̀ kó láti etíkun Ouidah àti Porto-Novo lọ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹrú dìde ní 1791, tí oko bàjẹ́, àwọn Faransé tó sá àsálà gbé ìmọ̀ kọfí lọ sí Kúbà, wọ́n sì dá oko tuntun sí orí òkè. Ní Kúbà, Lùkùmí ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1833, ní oko kọfí kan tó ń jẹ́ Salvador, ní agbègbè Banes ní ìwọ̀-oòrùn Havana, àwọn Lùkùmí tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé dìde ogun sí àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn jagunjagun pọ̀ láàárín wọn, nítorí ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́ ni wọ́n kó wọn lẹ́rú. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìde náà. Kọfí tí wọ́n ń mu ní Yúróòpù lákòókò yẹn, nínú ife wúrà tàbí ife amọ̀, irú oko bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ní ti Mókà, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Aden ní 1839, èbúté tuntun gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú náà sì di ahoro díẹ̀ díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò kú.

Ìtàn kòkó gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. Ilẹ̀ gbígbóná apá gúúsù àti àárín Amẹ́ríkà ni igi rẹ̀ ti wá, wọ́n sì ti rí àpẹẹrẹ pé àwọn ènìyàn ń lò ó ní Ecuador ní ohun tó lé ní 5,000 ọdún sẹ́yìn. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, mímu ni wọ́n ń mu ún, wọn kì í jẹ ẹ́. Àwọn Maya àti àwọn Aztec a máa lọ hóró rẹ̀ lórí ọlọ òkúta, wọn a pò ó mọ́ omi, wọn a fi ata sí i, nígbà mìíràn wọn a fi àgbàdo lílọ̀ kún un. Kí wọ́n tó gbé e fún ẹni ọlá, obìnrin kan a nàró, a gbé ìkòkò kan sókè, a máa dà á láti ibẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn tó wà nílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí tí ìfóòfó yóò fi bo ojú rẹ̀. Ìfóòfó yẹn ni wọ́n kà sí oyè inú rẹ̀. Hóró kòkó tún ni owó ẹyọ wọn. Wọ́n fi ń ra adìyẹ, wọ́n fi ń san owó orí, àwọn oníjìbìtì sì wà tó máa ń yọ inú hóró, tí wọ́n á fi erùpẹ̀ kún èèpo, tí wọ́n á sì ná an lọ́jà.

Àwọn ará Sípéènì dé Mẹ́síkò ní 1519. Ìkorò ohun mímu yìí kò tètè bá wọn lára mu, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n fi ṣúgà àti sínámọ́nì sí i, wọ́n ń mu ún ní gbígbóná, wọ́n sì ṣe igi ìpo kan tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí kí ó lè hó, gẹ́gẹ́ bí ìjábẹ̀ ti ń ṣe sí ewédú. Irú kòkó tó dé ààfin Sípéènì nìyẹn, òun náà ló sì tàn kálẹ̀.

Ọ̀rúndún 17 ni tíì, kọfí àti ṣokoléètì jọ wọ ìgboro Yúróòpù. Ilé kọfí àkọ́kọ́ ní London ṣí ní 1652. Ní 1657, ẹnìkan ti ń polówó ṣokoléètì ní ìlú kan náà. Philippe Sylvestre Dufour, oníṣòwò kan ní Lyon, kó gbogbo wọn sínú ìwé kan tó jáde ní 1685, torí ó gbà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ohun mímu àjèjì, tó gbóná, tó korò, tó ń fẹ́ ṣúgà, tó sì wọ́n. Ilé kan náà ló ń tà wọ́n, agbọ́tí kan náà ló ń sè wọ́n. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ẹnìkan da méjì nínú wọn pọ̀. Ibi tí wọ́n ti fi àdàlù náà ṣe àṣà, tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, tí wọ́n sì pa á mọ́ títí di òní, ni Turin.

Turin ni olú-ìlú ìdílé Savoy tó ń ṣàkóso nígbà náà, ní agbègbè Piedmont ní àríwá Ítálì, ní ẹsẹ̀ òkè Alps. Ní 1585, Duke Charles Emmanuel gbé Catherine, ọmọ ọba Philip kejì ti Sípéènì, níyàwó, láti ìgbà náà sì ni ohun tó bá wọ ààfin Sípéènì kì í pẹ́ dé Turin. Ní 1678, ìjọba ibẹ̀ fún Giovanni Antonio Ari níwèé àṣẹ láti máa ta ṣokoléètì mímu fún gbogbo ènìyàn. Ìjọ Àgùdà kò sì dí i lọ́nà. Kádínà Brancaccio ti kọ̀wé ní 1664 pé ohun mímu kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, ó sì ka ṣokoléètì mọ́ ohun mímu. Fún ìlú tí ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ń gba 40 ọjọ́ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ní ọ̀rúndún 18, ohun tí àwọn ará Turin ń mu ní òwúrọ̀ ni bavareisa. Kọfí, ṣokoléètì àti mílíìkì ni wọ́n pò pọ̀ nínú gíláàsì ńlá, wọ́n sì fi omi ṣúgà sí i. Ní 1763, Giuseppe Dentis ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Consolata, ibẹ̀ sì ni bavareisa ti yí padà di ohun mìíràn. Wọn kò dà wọ́n pọ̀ mọ́. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé wọn wá, oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò sì yàn. Ẹni tó bá fẹ́ kọfí àti mílíìkì a ní pur e fiur. Ẹni tó bá fẹ́ kọfí àti ṣokoléètì a ní pur e barba. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí gbogbo wọn a ní ’n poc ’d tut, tó túmọ̀ sí díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Èyí ìkẹyìn yìí ló borí. Gíláàsì kékeré tí wọ́n fi ń bù ú, tí èdè Piedmont ń pè ní bicerin, ló fún un lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní.

Bicerin tó bá pé, ojú ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ìkòkò bàbà ni wọ́n fi ń se ṣokoléètì rẹ̀. Wọ́n á máa rò ó lórí iná fún ìgbà pípẹ́ títí yóò fi ki bí ògì tó jinná. Ṣokoléètì yìí ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà sí ìsàlẹ̀ gíláàsì, ó dúdú, ó sì wúwo. Kọfí gbígbóná tẹ̀ lé e. Wọ́n á dà á jẹ́jẹ́ kí ó lè dúró lórí. Ọ̀rá mílíìkì tútù tí wọ́n ti lù díẹ̀ ni wọ́n fi ń dé e, funfun báláú. Nínú gíláàsì tó mọ́ gaara, ẹni tó jókòó yóò rí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ti to ara wọn. Ṣíbí kì í wọ inú rẹ̀. Bí ó bá gbé e sẹ́nu, tútù ló kọ́kọ́ kan ètè, lẹ́yìn náà ni ooru kọfí yóò gba àárín rẹ̀ kọjá, adùn ṣokoléètì sì ni yóò gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá rò ó pọ̀, ó di bavareisa padà, ohun tí ó fi yàtọ̀ sì ti lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà níbẹ̀. Ilé tó wà lónìí jẹ́ ti 1856, pẹ̀lú ògiri pákó, dígí àti tábìlì kéékèèké olókùúta mábù funfun. Àwọn obìnrin ló ń darí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, èyí sì ní ìtumọ̀ nígbà tí ilé kọfí ìlú jẹ́ ibùjókòó ọkùnrin. Obìnrin tó bá ti ṣe ààwẹ̀ nítorí ara Olúwa, tó gbà á tán ní Consolata, kàn ní láti sọdá títì, á wọlé jókòó láìsí ẹni tí yóò fojú burúkú wò ó, á sì fi bicerin ṣínu. Cavour, tó di olórí ìjọba àkọ́kọ́ nígbà tí Ítálì ṣọ̀kan, wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Alexandre Dumas, òǹkọ̀wé Faransé, yin bicerin nígbà tó bẹ Turin wò ní 1852. Ní 2001, ìjọba agbègbè Piedmont kọ bicerin sínú ìwé àwọn ohun ìbílẹ̀ wọn.

Milan náà ní tirẹ̀. Domenico Barbaja ṣe agbọ́tí ní ilé kọfí nígbà èwe rẹ̀, ó sì pilẹ̀ ohun mímu kan tí wọ́n fi kọfí, ṣokoléètì àti mílíìkì ṣe, tí wọ́n lù pọ̀ títí yóò fi hó. Barbajada ni àwọn ènìyàn sọ ọ́. Ó mú owó wọlé fún un, Barbaja sì lọ di alákòóso ilé eré San Carlo ní Naples láti 1809, níbi tó ti gba Rossini síṣẹ́ láti máa kọ eré olórin. Wọ́n ń mu barbajada ní Milan títí wọ ọ̀rúndún 20 kí ó tó rọlẹ̀. Èyí náà, kò sí ẹni tó pè é ní mókà.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ṣokoléètì mímu kún fún ọ̀rá, ó ṣòro láti pò, ọ̀rá náà sì máa ń léfòó sókè. Ẹ̀rọ tí ìdílé van Houten gbàwé àṣẹ fún ní Amsterdam ní 1828 ló yanjú rẹ̀. Ó ń fún ọ̀rá jáde nínú kòkó, ohun tó kù sì ni wọ́n ń lọ̀ ní lẹ́búlẹ́bú. Kòkó lẹ́búlẹ́bú yìí tètè máa ń yòrò nínú omi gbígbóná, kò wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè pẹ́ nínú agolo. Ní ti kọfí, Angelo Moriondo fi ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pọn kọfí hàn ní ibi àfihàn ńlá Turin ní 1884. Luigi Bezzera ti Milan gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1901, Desiderio Pavoni sì rà á, ó sì gbé e jáde fún títà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ Achille Gaggia fi agbára tó pọ̀ sí i ti omi gba inú kọfí, èyí tó mú ìfóòfó aláwọ̀ ìyeyè wá sórí espresso. Kọfí tó nípọn, tó kéré, tó sì lágbára báyìí ni mókà òde òní ń fẹ́, nítorí kọfí tó ṣàn kò lè dúró níwájú ṣokoléètì.

Orúkọ náà, ní tirẹ̀, ti yà sí ọ̀nà púpọ̀. Ní Jámánì, Mokka jẹ́ kọfí dúdú líle nínú ife kékeré, láìsí ṣokoléètì rárá. Ní Faransé, moka ni kéèkì tí wọ́n fi bọ́tà olóòórùn kọfí kùn. Ní Ítálì, moka ni ìkòkò onígun mẹ́jọ tí Alfonso Bialetti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Piedmont ní 1933, tó wà lórí iná ní ilé ìdáná púpọ̀ títí di òní. Amẹ́ríkà ló so orúkọ náà mọ́ ṣokoléètì. Ọkọ̀ Salem, ní Massachusetts, ti ń lọ ra kọfí ní Mókà láti òpin ọ̀rúndún 18, àwọn oníṣòwò sì ń ta àdàlù kọfí Mókà àti ti Java. Nígbà tó yá, àwọn tó ń kọ ìwé oúnjẹ ń pe ohunkóhun tó ní òórùn kọfí ní mókà, ì báà jẹ́ kéèkì tàbí áìsìkiriìmù. Wọ́n tún ń fi kòkó lẹ́búlẹ́bú sí wọn, torí kọfí máa ń gbé adùn ṣokoléètì ga. Ilé ìdáná ni ìtumọ̀ ti yí padà, ó sì jọ pé àwọn obìnrin tó ń yan kéèkì ló sọ mókà di ohun tó jẹ́, ju oníṣòwò kọfí lọ.

Nígbà tí ilé kọfí tún gbilẹ̀ ní Seattle àti àyíká rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Starbucks, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971 pẹ̀lú títa hóró kọfí, wá ń ta ohun mímu bí ti Ítálì. Mókà inú ìwé owó wọn jẹ́ espresso, omi ṣokoléètì aládùn, mílíìkì tí wọ́n fi ooru omi mú gbóná, àti ọ̀rá mílíìkì lílù lórí. Ní 1995, wọ́n gbé Frappuccino oní-yìnyín jáde, mókà sì wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Ó dùn bí oúnjẹ ọmọdé, ó sì jìnnà sí ìkorò tí àwọn Súfì fi ń lé oorun. Ẹni tó bá tọ́ bicerin wò yóò rí i pé ṣokoléètì ibẹ̀ nípọn ju èyí lọ, ṣúgà rẹ̀ sì kéré, ó sì ṣòro láti sọ pé èyí tuntun sàn jù.

Ilẹ̀ Yorùbá wọ inú ìtàn yìí láti ìhà kòkó. Wọ́n gbé igi náà láti Bràsíl lọ sí àwọn erékùṣù São Tomé àti Príncipe ní àwọn ọdún 1820, ó dé erékùṣù Fernando Po lẹ́yìn ìyẹn, ní nǹkan bíi 1880 sì ni J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó, dá oko kòkó sí Ìjòn, lẹ́yìn odi Èkó. J. K. Coker gbé iṣẹ́ náà lárugẹ ní Ifakò, ní agbègbè Agége. Láti oko àwọn wọ̀nyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kó irúgbìn lọ sílé, tí kòkó fi gba Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì. Owó rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òun náà ló sì kọ́ Ilé Kòkó tó parí ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ní 1965.

Nínú ilé Yorùbá, kòkó lẹ́búlẹ́bú inú agolo, bíi Bournvita, Ovaltine àti Milo, ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù, tíì ni wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀. Bí ìyá bá ní kí ọmọ lọ po tíì, ewé tíì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, kòkó àti mílíìkì ló ń bọ̀ wá sínú ife. Orúkọ tíì ti fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ Mókà ti fi èbúté sílẹ̀. Ní ti kọfí, àwọn Yorùbá Òkun ní àyíká Kàbà ń gbin irú tí wọ́n ń pè ní robusta. Ní Togo, ní agbègbè òkè tó yí Atakpamé ká, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Aná ń gbé, kọfí àti kòkó jọ wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ń sá àwọn méjèèjì sóòrùn, wọ́n sì ń di wọ́n sínú àpò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó ń lọ sí ilé-iṣẹ́ kọfí àti èyí tó ń lọ sí ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì.